Káàdì Ìyá Délé

Ẹ jẹ́ kí n fa àga mi sún mọ́ yín, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí à ń sọ lórí ìdúró. Ọmọ Kétu ni mí, Kétu tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Faransé nígbà tí àwọn òyìnbó ń pín ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn ológun ń múra àtigbé ìjọba fún alágbádá ní Nàìjíríà ni mo fi ilé sílẹ̀ lọ sí Adó-Èkìtì, láti lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí. Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò le títí. Ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo dé ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Mo ti rò pé ọ̀dọ̀ ara mi ni mò ń lọ. Ṣebí Yorùbá ni wọ́n, Yorùbá ni èmi náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá kan ní kí n bá òun mú usu wá nínú ulé. Mo dúró bí igi. Ó tún un sọ, ó wá nawọ́ sí yàrá kó tó yé mi pé iṣu ló ń wí, pé ilé ló ń wí. Nígbà tí èmi náà dáhùn, kò gbọ́ ohun tí mo sọ. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ọmọ Dàhòmì ni. Ẹ máa rọra bá a sọ̀rọ̀."

Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ mi lára. Dàhòmì ni wọ́n ń pè mí ní ilé ẹ̀kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba wa ti yí orúkọ orílẹ̀-èdè náà padà. Kẹ́mi, ọmọ Ìgèdè tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, a máa ní, "Dàhòmì, ṣé òtútù yìí ò tíì pa ọ́? Òkè ni wọ́n gbé wa lé níbí o, kì í ṣe pẹ̀tẹ́lẹ̀ yín." Àwàdà ni. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Bí mo bá rẹ́rìn-ín tán, màá lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, màá dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló mú mi wá. Ó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù ní àdúgbò Fájuyì, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé iyán ló ń jẹ láàárọ̀ bí onílùú. Bàbá Alùpùpù ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Òun ló ń lọ tó ń bọ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọ Àgùdà kan títí wọ́n fi gbà mí, èmi tí gbogbo ìwé mi jẹ́ ti Faransé. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ aṣọ iṣẹ́, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ojú mi ni wọ́n wò kí wọ́n tó gbà ọ́," ó ní. "Bí wọ́n bá lé ọ, èmi ni wọ́n lé. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń dán wa wò. Ẹni tó bá yege á gba bẹ́líìtì aláwọ̀ aró. Ẹni tí kò bá yege á di ẹrù rẹ̀. Àwa mẹ́rìnlá la bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kí oṣù kejì tó parí, àwọn méjì ti di ẹrù wọn lọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò jí láàárọ̀ kan kí n má kọ́kọ́ fọwọ́ kan àpótí mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ìgèdè, tí wọ́n bá lé e, á wọ mọ́tò, á délé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Èmi ńkọ́? Wọ́n ti dá agbádá fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Kétu nítorí pé ọmọ wọn ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni èèyàn ń fi àpótí padà wọ̀.

Ẹni tó ń kọ́ wa ni Sístà Bọ́sẹ̀dé. Kì í ṣe obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà o. Bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá nọ́ọ̀sì nìyẹn. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ọmọ Adó, tí kì í gbé ohùn sókè, tí ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà wá ju àwọn tó ń pariwo lọ. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń gbé igi kékeré tó dà bí fèrè lé ikùn aboyún, kí a fi etí lé e, kí a gbọ́ ọkàn ọmọ. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀: "Ohun tí o bá kọ sílẹ̀ ni ẹni tí kò sí níbẹ̀ á gbà gbọ́."

Ó tún kọ́ wa pé obìnrin tó bá ti bímọ márùn-ún kò gbọdọ̀ bí ìkẹfà ní ilé ìgbẹ̀bí abúlé, ilé ìwòsàn ńlá ni kó wá. "Ilé ọmọ tó ti nà tó ti sún tó bẹ́ẹ̀," ó ní, "bíi rọ́bà àtijọ́ ni. Ọmọ á jáde, rọ́bà ò ní fà padà, ẹ̀jẹ̀ á wá máa lọ." Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo sì fa ìlà sí i nídìí. Ẹ bá mi rántí ìlà yẹn.

Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni mo ń gbọ́ ohùn ìyá mi. Màá kọ lẹ́tà, màá dá ọjọ́ àti àkókò, ẹnìkan á kà á fún un. Bí ọjọ́ bá pé, òun á rìn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Kétu, èmi á lọ sí ti Adó. Èkó ni tẹlifóònù náà á kọ́kọ́ lọ, níbi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Á kọjá sí Kútọnu, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, kó tó wá kan Yorùbá ìyá mi. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n ń fún wa, ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀ la sì ń fi sọ pé, "Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Nígbà àkọ́kọ́, ó bi mí pé kí ni mò ń jẹ. Mo ní iyán. Ó ní, "Láàárọ̀? Ṣé kò sí ẹ̀kọ ní ìlú wọn ni?" Ibẹ̀ ni okùn já. Mo di nǹkan náà mọ́ etí, mò ń gbọ́ ariwo bí òjò lórí páànù, títí akọ̀wé tó jókòó níbẹ̀ fi ní, "Sìsí, ó ti parí o. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bọ́ síbẹ̀."

Ní gbogbo Ọjọ́rú, ọkọ̀ láńdìrófà ilé ìwòsàn a máa kó wa lọ sí Ìgbẹmọ, kí a lè fi ojú rí ohun tí wọ́n ń kọ́ wa. Ilé ìgbẹ̀bí kan wà níbẹ̀, yàrá mẹ́ta péré, lábẹ́ àkóso agbẹ̀bí àgbà kan tí a ń pè ní Màmá Ìgbẹmọ. Ọdún kan ló kù kó fẹ̀yìn tì. Àwọn aboyún á ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn mìíràn á ti oko wá tààrà. Tèmi ni pé kí n jókòó sí tébù lẹ́nu ọ̀nà, kí n kọ káàdì: orúkọ, iṣẹ́ ọkọ, oyún mélòó, ọmọ mélòó.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ní Kétu, bí àlejò bá bi ìyá mi pé ọmọ mélòó ló bí, á ní, "Ọlọ́run fún wa ní díẹ̀," á sì yí ọ̀rọ̀ padà. Bí àlejò náà bá tún bi í, kò ní bu omi fún un. Irú ilé yẹn ni mo ti jáde. Wọ́n wá gbé bírò lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa bi àwọn obìnrin tó jù mí lọ ní ìbéèrè tí ìyá mi fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn.

Obìnrin kan dé ní Ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹta mi. Ó dúdú, ó le, ó dúró ṣinṣin bí ẹni tí oyún kò wúwo fún. Ìyá Délé ni wọ́n ń pè é. Mo bi í lórúkọ, ó dáhùn. Mo bi í ní iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ó ní àgbẹ̀ koko ni.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ọmọ mélòó lẹ ti bí?"

Ó wo ibòmíràn. "Ṣé Ìyá Délé ò tó ọ pè ni?"

"Ẹ má bínú, Mà. Káàdì ló ń béèrè."

"Káàdì wo ló ń ka ọmọ ọlọ́mọ? Kọ méjì."

Lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú mi, àwọn ọmọ kan ń ṣeré. Ọ̀kan pọn àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀kan ti ń hu irùngbọ̀n. Ojú Ìyá Délé ni gbogbo wọn gbé sórí. Bó ti ń sọ "méjì" lẹ́nu, ọ̀kan sáré wá bá ìyá rẹ̀, ó ní, "Èyé, Jídé gba omi mi." Mo wò ó, òun náà wò mí. Àwa méjèèjì mọ ohun tí a mọ̀.

Mo kọ méjì.

Mo ti bi ara mi ní ìdí rẹ̀ láti ìgbà yẹn. Ó lè jẹ́ ìtìjú. Ó lè jẹ́ pé gbogbo ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín nílùú yẹn, tí obìnrin yìí kò sì rẹ́rìn-ín, tó bá mi wí bí ìyá ṣe ń bá ọmọ wí. Inú mi dùn pé mo mọ ohun kan nínú ìwà wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ mi. Mo rò pé ọmọlúàbí ni mo ṣe. Mo fi káàdì lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo sì kúnlẹ̀.

Ní oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọkọ̀ agégẹdú kan ya wọ ọgbà ilé ìwòsàn. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n gbé obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó, aṣọ ìdí rẹ̀ sì ti rin fún ẹ̀jẹ̀. Màmá Ìgbẹmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan tẹ ikùn rẹ̀, ó fi ìkejì di ọmọ tuntun mú. Mo rí ojú obìnrin náà: Ìyá Délé ni.

Dókítà jáde. Ó gba káàdì, ó kà á. "Ìkẹta rèé?" ló bi ọkọ rẹ̀.

Ọkùnrin náà ń wo ilẹ̀. "Dókítà, ẹ ṣáà tọ́jú rẹ̀ ná."

"Bàbá, mo ní ìkẹta ni?"

Ó gbé ẹnu sún mọ́ dókítà, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń jí nǹkan. "Ìkeje ni."

Wọ́n gbé e wọlé. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀, wọ́n fa ti àbúrò rẹ̀. Èmi ń ká aṣọ, mò ń tú u, mò ń tún un ká. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ti dá, ṣùgbọ́n wọn ò tíì lè sọ pé yóò yè.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pe Màmá Ìgbẹmọ sí ọ́fíìsì. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Gbogbo wa gbọ́ bí ó ṣe ń tún un sọ pé, "Oyún kẹta ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ṣé mo jẹ́ dá a dúró sí Ìgbẹmọ?" Ọ̀gá àgbà kan ní agbẹ̀bí tó ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yẹ kó mọ ikùn yàtọ̀ sí káàdì. Wọ́n ní kó lọ dúró sílé ná, títí tí ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó jáde, ó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni gèlè náà kò tú. Ọdún kan ló kù fún un.

Sístà Bọ́sẹ̀dé mú káàdì náà tọ̀ mí wá.

"Ṣé ìwọ lo kọ èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Sístà."

"Ó sọ fún ọ pé méjì ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Sístà."

"Ó dáa." Ó lọ. Irọ́ kan ò sí nínú ohun tí mo sọ.

Kẹ́mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi. "Tẹ́tí, Dàhòmì," ó ní. "Obìnrin náà sọ méjì, o kọ méjì. Ta ló mọ ohun tí ojú rẹ rí lábẹ́ igi? Bẹ́líìtì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Pa ẹnu dé."

"Màmá Ìgbẹmọ ńkọ́?"

"Màmá Ìgbẹmọ ní ulé ní Ìgbẹmọ. Ìwọ, níbo lo ní?"

Ó fẹ́ràn mi ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ju gbogbo Dàhòmì tó ti ń pè mí lọ.

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ tí mo ti dá fún ìyá mi nínú lẹ́tà tipẹ́tipẹ́. Mo dé ilé ìfìwéránṣẹ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Mo ti pinnu pé màá jẹ́wọ́, mo sì fẹ́ sọ fún un pé mò ń bọ̀ wálé, kó má bàa jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ló ti máa rí àpótí mi. Nígbà tí ohùn rẹ̀ dé, ó ń pariwo bí ẹni tó ń pe èèyàn lókè odò.

"Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́, Ìyá mi. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan—"

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jíṣẹ́ kí okùn tó já. Ìṣọ̀lá kí ọ, ó ti kọ́ ilé rẹ̀ dé ìtẹ́rígbà. Abẹ́kẹ́ kí ọ. Táyé kí ọ, Kẹ́hìndé kí ọ. Àlàó tó lọ, mo lọ sí ojú oórì rẹ̀, mo ro ó mọ́. Àdùkẹ́ kí ọ, eyín rẹ̀ ti hù. Ìwọ náà, bá mi kí ara rẹ."

Okùn já.

Mo gbé tẹlifóònù kalẹ̀. Mi ò tíì sọ ohun tí mo wá sọ. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń gòkè bọ̀ láti ilé ìfìwéránṣẹ́, mo ń gbọ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ: Ìṣọ̀lá, Abẹ́kẹ́, Táyé, Kẹ́hìndé, Àlàó, Àdùkẹ́, èmi. Ìyá mi tí kò jẹ́ ka ọmọ láéláé ti tò wá tán ní ìṣẹ́jú kan, òkú àti alààyè, kò sì fo ẹnì kankan. Mo dúró sójú ọ̀nà. Ẹnìkan tó ń gun alùpùpù fọn fèrè sí mi.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Délé ni mo kọ́kọ́ lọ. Ó ti lajú, ètè rẹ̀ sì funfun. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ forí jì mí, Mà. Mo mọ̀, mo sì kọ ọ́."

Ó yíjú sí mi. "Mo ní méjì, o kọ méjì. Àwa méjèèjì la jọ kọ ọ́." Ó wá bi mí pé, "Kí ni wọ́n ń pè ọ́?"

"Dàhòmì ni wọ́n ń pè mí, Mà."

"Dìde, Dàhòmì. Ilẹ̀ yẹn tutù."

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, mo kan ilẹ̀kùn Sístà Bọ́sẹ̀dé. Mo ti di àpótí mi kalẹ̀.

"Sístà, obìnrin yẹn ò tàn mí jẹ. Mo rí àwọn ọmọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ju méjì lọ, mi ò kàn lè kà wọ́n fún un. Màmá Ìgbẹmọ ò mọ nǹkan kan."

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "O mọ̀ pé mo lè lé ọ lónìí?"

"Mo ti di ẹrù mi, Sístà."

"Èmi náà ti jókòó sí tébù yẹn rí," ó ní. "Ìyá tèmi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka àwa náà. O bọ̀wọ̀ fún àṣà, o gbàgbé obìnrin tó wà níwájú rẹ." Ó fa bébà kan, ó ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí. Mo kọ ọ́. Bébà méjì ni mo ya kí n tó kọ ọ́ tán.

Bébà yẹn ló dá Màmá Ìgbẹmọ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní tèmi, wọn ò fún mi ní bẹ́líìtì. Ẹ̀yìn ni mo dúró sí nígbà tí Kẹ́mi àti àwọn yòókù ń gba tiwọn, èmi ni mo ń gbé àga. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ oṣù mẹ́fà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kí n sì máa jókòó sí tébù Ìgbẹmọ ní gbogbo Ọjọ́rú títí màá fi mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè. Bàbá Alùpùpù kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó fi ẹ̀kọ ránṣẹ́ sí mi. Mi ò mọ ibi tó ti rí i.

Nígbà tí Ọjọ́rú dé, mo padà jókòó sí tébù náà. Obìnrin àkọ́kọ́ jókòó. Mo ní, "Mà, ta ni àkọ́bí yín?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ́lará ni. Ó ti wà ní ilé ìwé."

"Ta ló tẹ̀ ẹ́ lé?"

"Sànyà. Èyí ò gbọ́ràn ní tirẹ̀."

"Lẹ́yìn Sànyà?"

Bó ti ń dárúkọ ni mo ń fa ìlà kọ̀ọ̀kan sí etí ìwé mi. Mo rọra béèrè bóyá ẹnìkan wà tí kò dúró. Ó dárúkọ òun náà. Mo fa ìlà tirẹ̀. Nígbà tó dìde, ìlà mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sórí káàdì pé Adó ni kó ti wá bímọ. Sístà Bọ́sẹ̀dé ti wà lẹ́yìn mi, mi ò mọ ìgbà tó dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ọ̀rọ̀ kan tó kọ sórí pátákó ìkọ̀wé: *Ẹ má bi í ní iye. Ẹ bi í ní orúkọ.* Kò kọ orúkọ mi sí i, èmi náà ò sì béèrè.

Mo gba bẹ́líìtì mi, mo ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ní Adó, mo sì padà sí Kétu nígbà tí ìyá mi dolóògbé. Ní Kétu wọ́n ní mò ń sọ̀rọ̀ bí ará Èkìtì. Àwọn ọmọ àbúrò mi a máa fi "ulé" ṣe mí yẹ̀yẹ́. Mo ti gbà pé kò sí ibi tí n ò ti jẹ́ àlejò díẹ̀. Bí ó bá sì ti ń dùn mí, mo máa ń rántí Ọjọ́rú kan.

Ìyá Délé ló gbé ọmọ rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́, ọmọ tó ti ń rìn nígbà náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan ló wà ní tébù, èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti máa wò ó. Ó béèrè bí a ti kọ́ ọ.

"Délé," ni Ìyá Délé ní. "Títí. Jídé. Málọmọ́, òun ò dúró. Táyọ̀. Bùnmi. Ìbùkún rèé lẹ́yìn mi." Ó tún ọmọ pọ̀n dáadáa. "Àti Dàhòmì."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà gbé bírò sókè, ó yíjú sí mi. "Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n fa ìlà tirẹ̀ mọ́ ọn?"

Kí n tó la ẹnu, Ìyá Délé ti dìde, ó ń lọ. "Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fà," ó ní. "Èmi ò kà wọ́n. Orúkọ ni mo dá."